Ẹgbẹ́ wa ní Kábà fẹ́ ṣe oore fún ìlú, owó ò sì pọ̀: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀wé_Kábà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláàánú kan tí a dá sílẹ̀ níbí, ní Kábà ìpínlẹ̀ Kogi, lọ́dún tó kọjá. Àwa 26 ni: tíṣà, nọ́ọ̀sì, télọ̀, káfíńtà, àwọn àgbẹ̀ kòkó àti kọfí, awakọ̀ méjì, àti bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Oṣooṣù la ń dáwó. Owó díẹ̀ ti wà lọ́wọ́ akápò báyìí, ìjà sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ìpàdé.

Àwọn kan ní ká ra ìrẹsì, ká pín in fún àwọn opó nígbà Kérésìmesì. Àwọn kan ní ká gbẹ́ bohóòlù tuntun sí abúlé kan lọ́nà Bùnú, ká kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i lára. Nọ́ọ̀sì wa ní ká gbé dókítà ojú wá fún ọjọ́ kan. Owó wa ò lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, láti Ìjùmú títí dé Ìyàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Èyí tẹ́ ẹ ṣe tó yọrí sí rere, ẹ sọ ọ́. Èyí tẹ́ ẹ ṣe tẹ́ ẹ kábàámọ̀, ẹ má fi pa mọ́ fún wa.

ÌyáTélọ̀_Ayétòrò

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Opó ni mí, ọdún kẹfà nìyí. Mo ti tò sórí ìlà ìrẹsì rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn. Àwọn àlejò pàtàkì ò dé títí aago kan fi lù. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní ká dìde, ká jó pàdé wọn. Kóńgò mẹ́rin ni wọ́n fún mi. Ẹni tó gbé e fún mi ò tíì jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ títí ayàwòrán fi yà wá lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí n má purọ́, a sì jẹun. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kìn-ín-ní la jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ọmọ mi tó wà ní yunifásítì rí àwòrán mi lórí Facebook, ẹkún ló fi pè mí. Ó ní, "Màmi, ṣé aláìní ni wọ́n ń pè yín báyìí?" N ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Ohun tó gbé mi dìde ni jígí ojú. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí. N ò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́ nígbà yẹn, ọmọ aládùúgbò ni mo máa ń pè. Tó bá ti lọ síléèwé, mo di ẹni tó ń jókòó ti ẹ̀rọ lásán, àwọn oníbàárà sì ti ń kó aṣọ wọn lọ síbòmíràn. Àwọn kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní kí n ka ìlà kan nínú ìwé pélébé, wọ́n yẹ jígí mẹ́ta wò lójú mi, wọ́n fún mi ní ìkẹrin. Bí mo ṣe gbé e wọ̀, mo rí fọ́nrán òwú lára ìka mi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ náà gan-an ni mo rán yẹ̀rì méjì parí. Wọn ò ya fọ́tò kankan. N ò mọ orúkọ wọn títí dòní, àmọ́ kò sí òwúrọ̀ tí n kì í gbàdúrà fún wọn.

Oní_Pọ́ǹpù_Ìyàrá

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, pọ́ǹpù omi ni mo ń tún ṣe. Mo ti ṣiṣẹ́ láti Ìyàrá dé Ẹ̀kìnrìn-Àdé, ọ̀nà Bùnú náà sì yé mi dáadáa. Kí ẹ tó gbẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ lọ ka àwọn pọ́ǹpù tó ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ilẹ̀ wa. Àpáta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Omi kì í tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ irú ilẹ̀ yìí bí ẹni tẹ́ ẹní, ibi tí àpáta bá ti là ló ń gbà. Ẹ lè gbẹ́ síbí kó gbẹ fúrúfúrú, kẹ́ ẹ rin ogún ìgbésẹ̀ kẹ́ ẹ bá omi. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbẹ́ láìkọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ wá yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò, owó yín ló fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́.

Ẹ má sì gbẹ́ lóṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án. Òjò ti kún ilẹ̀ nígbà yẹn, omi á tú sókè, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á gé rìbọ́ọ̀nù. Tó bá fi máa di oṣù kejì, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù á máa fà. Oṣù kejì sí ìkẹta ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú. Omi tó bá jáde lákòókò yẹn lẹ lè fọkàn tán. Ẹni tó gbẹ́ ẹ náà gbọ́dọ̀ fa omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójú yín, kó máa wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀ àti bó ṣe ń padà sókè, kí ẹ tó san owó tó kù fún un.

Ìyẹn bó bá jẹ́ pé ẹ máa gbẹ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. India Mark II ló pọ̀ jù lọ nínú àwọn pọ́ǹpù tí wọ́n ń fọwọ́ fà lọ́dọ̀ wa, pọ́ǹpù yẹn kì í sábà kú tán. Lọ́dún tó kọjá wọ́n pè mí sí abúlé kan tí tiwọn ti dákẹ́ fún ọdún méjì. Àwọn ọmọdébìnrin ti padà sódò, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ń lọ kí wọ́n tó lọ síléèwé. A gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró lórí kànga, a ń fa páìpù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin mẹ́rin ló ń dì í mú, títí a fi dé sílíńdà tó wà nísàlẹ̀. Ìgbà tí mo tú u, rọ́bà tó ń gbé omi sókè ti jẹ tán. Ó wọ àtẹ́lẹwọ́ mi, etí rẹ̀ ti já wálawàla bí awọ tí ajá jẹ kù. Rọ́bà méjì yẹn àti irin kan tó já ni mo pààrọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, omi ti dé. Owó ohun tí mo rà ò tó owó àpò ìrẹsì kan. Ọdún méjì gbáko nítorí rọ́bà!

Kí ló fà á? Àwọn tó gbẹ́ ẹ ò fi irinṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò kọ́ ẹnì kankan, wọn ò fi nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè sílẹ̀. Orúkọ ẹni tó ṣe é nìkan ló wà lára ògiri, lẹ́tà ńláńlá.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ tún mélòó kan tó ti bàjẹ́ ṣe, kẹ́ ẹ sì fi ìyókù owó kọ́ èèyàn mẹ́ta-mẹ́ta ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí obìnrin pọ̀ nínú wọn. Àwọn ló ń pọn omi, wọn kì í sì í ṣàdédé kó lọ sí Abuja. Ẹ fi spánà àti rọ́bà àpààrọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí abúlé náà máa dá owó díẹ̀díẹ̀ sínú àpótí, torí ohun tí èèyàn bá dáwó sí, á máa ṣọ́ ọ. Ohun kan tí wọ́n máa ń gbàgbé nìyí: bẹ́ ẹ bá ti tú kànga, ẹ da oògùn chlorine sí i, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ fà á dànù títí òórùn rẹ̀ á fi lọ, kí ẹnikẹ́ni tó mu ún.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Mo kí gbogbo yín. Mo fẹ́ bá nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá, torí mo mọ ohun tó rí tó fi dá àbá yẹn. Ìlú tí mo wà yìí mọ iyì ilé ìwòsàn: láti 1952 ni ilé ìwòsàn ECWA ti wà ní Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa nọ́ọ̀sì agbègbè yìí, ibẹ̀ la ti kọ́ iṣẹ́.

Àbùkù ọjọ́ kan ṣoṣo nìyí. Èèyàn á jáde bí eéṣú. Dókítà á wò wọ́n, á sọ fún màmá arúgbó pé awẹ́ tó wà nínú ẹyinjú rẹ̀ ti di funfun, pé iṣẹ́ abẹ ló kù. Òótọ́ ni, oògùn sísẹ̀ sójú ò lè tú u. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́, wọ́n á fi awẹ́ àtọwọ́dá kékeré rọ́pò rẹ̀, aláìsàn á sì máa lo oògùn ojú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ ta ni yóò sanwó? Màmá á padà sílé pẹ̀lú ìwé pélébé lọ́wọ́. Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan ká sínú Bíbélì fún ọdún mẹ́rin. Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni jáde, ẹ kọ́kọ́ mọ iye iṣẹ́ abẹ tí owó yín lè san. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ wá àwọn mẹ́fà náà kàn, ẹ wọkọ̀ lọ wọkọ̀ bọ̀ pẹ̀lú wọn, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Jígí ìkàwé yàtọ̀ sí ìyẹn. Ohun tó ṣe Ìyá Télọ̀ ń ṣe gbogbo èèyàn bí wọ́n bá ti lé ní ogójì ọdún. Kì í ṣe àìsàn, jígí náà ò wọ́n, láti 1.00 dé 3.50 ni nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa kó lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá wọ ọ́ tí kò tún ríran dáadáa, ẹ má fi tipá fún un, ẹ darí rẹ̀ sọ́dọ̀ dókítà. Bákan náà lọ̀rọ̀ wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bá 140 lórí 90, tó ti ga jù, lára ẹnì kan, tẹ́ ẹ sì gbé ẹ̀rọ yín lọ láìtọ́ka ibi tó ti máa gba ìtọ́jú, ìbẹ̀rù lẹ fi ta á lọ́rẹ.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún gan-an ò gba owó. Ẹ̀jẹ̀ ni. Lásìkò òjò, ibà á gbá ẹ̀jẹ̀ ọmọdé dànù láàárín ọjọ́ méjì. Ọmọ á dé ilé ìwòsàn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á funfun bí ẹfun, bàbá rẹ̀ á máa sáré kiri ọjà pé ta ló lè fún òun ní ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà sínú àpò kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 35 lọ nínú fíríìjì, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Nítorí náà, èèyàn ni kẹ́ ẹ fi ṣe fíríìjì. Àwọn 26 yín, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí wọ́n kọ irú rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù fún ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Ẹni tó wà láàárín ọdún 18 sí 65, tára rẹ̀ le, tó tó kílò 50, lè fúnni. Ọkùnrin lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́rin. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín láago méjì òru, ẹ dìde.

ỌmọBùnú_Èkó

Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn wọ̀ mí lára.

Èmi wà lára àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ wálé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń jẹ́ ká dáwọ́ dúró: a kì í gbọ́ ìròyìn. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti dáwó fún iṣẹ́ ìlú tí n ò mọ ibi tó parí sí. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí àkáǹtì báǹkì jẹ́ ti ẹgbẹ́, kì í ṣe ti akápò, kó má sì sí owó tó máa jáde láìjẹ́ pé èèyàn méjì buwọ́ lù ú. Ẹ ya rìsíìtì, ẹ fi sórí WhatsApp lóṣù tẹ́ ẹ náwó náà gan-an. Bí owó bá ṣì kù 3,000 náírà, ẹ sọ pé ó ku 3,000 náírà. Ẹni tó bá rí irú ìyẹn á tún fi kún un.

Ẹ tún bá wa bá àwọn ará wa tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀. Kí wọ́n yé kó oògùn tó kù oṣù méjì kó bàjẹ́ ránṣẹ́. Ìlànà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ni pé kí oògùn ọrẹ ṣì ní ó kéré tán ọdún kan lára nígbà tó bá gúnlẹ̀.

Bàbá_Kúlà_Ìsánlú

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín tán pátá. Ẹ jẹ́ kí àgbà kan dá tirẹ̀ sí i.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbé kúlà oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ́ èjìká. Ẹgbẹ́ Rotary, tí Paul Harris dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1905, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn káàkiri ayé ní 1985. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tó wà fúnra rẹ̀ láti ìṣẹ̀dá ("wild polio") ti kúrò ní Áfíríkà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 35 lórí ohun kan ṣoṣo. Àwọn Lions náà, tí Melvin Jones dá sílẹ̀ ní 1917, ṣe bẹ́ẹ̀. Helen Keller, obìnrin tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, bẹ̀ wọ́n ní 1925 pé kí wọ́n gbèjà àwọn afọ́jú, wọn ò sì tíì fi iṣẹ́ ojú sílẹ̀ títí dòní. Wọn ò ṣe ìrẹsì lónìí, kí wọ́n ṣe jígí lọ́la, kí wọ́n ṣe bọ́ọ̀lù lọ́túnla.

Iṣẹ́ náà ò ní ariwo. Lára ìgò oògùn, òbìrìkítí kan wà tí igun mẹ́rin funfun wà láàárín ẹ̀. Bí oògùn bá ti gba ooru jù, funfun yẹn á máa dúdú, tó bá ti dúdú bí òbìrìkítí tó yí i ká, a ó dà á nù, kódà bó jẹ́ pé a ti rin máìlì mẹ́fà. Ọmọ tó bá gbà á, a ó fi tàdáwà kun èékánná ìka òsì rẹ̀ tó kéré jù, a ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ògiri ilé. Ilé tí a ò bá bá ọmọ, a ó padà síbẹ̀.

Obìnrin kan wà tó lé mi lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, àsìkò kaṣú ni, ó ń lọ sóko. N ò sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tàbí oògùn. Mo bá a lọ, mo bá a ṣa kaṣú títí oòrùn fi kan àtàrí, bí ẹni tó wá san àáró. Nígbà tí a jókòó láti mumi, òun fúnra rẹ̀ ló bi mí pé, "Bàbá, kí ló wà nínú àpótí yẹn gan-an?" Ọmọ mẹ́ta ló gbé jáde fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ lọ jókòó ti àwọn abúlé tẹ́ ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́. Ẹ má gbé ẹ̀bùn lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Tíṣà_Mọ̀pà

Ọ̀rọ̀ Bàbá ti parí ti gbogbo wa. Méjì péré ni mo ní. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó ìdánwò WAEC tàbí NECO fún ọmọ, ẹ san án fún iléèwé, ẹ gba rìsíìtì, ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kó bá yín gbé e lọ. Ẹ má sì gbé àwòrán ọmọ ọlọ́mọ sórí ayélujára láìgba àṣẹ òbí rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, àní bí kò tiẹ̀ sí òfin, àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ yẹn á fi ṣe é yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Mo ti rí i.

Ẹ sì ní káfíńtà nínú ẹgbẹ́! Àga tó ṣẹ́ ní kíláàsì mi nìkan tó mẹ́rìnlá. Àwọn ọmọ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ̀wé. Ìṣó àti ọjọ́ Sátidé kan ni irú ìyẹn ń dúró dè.

Àgbẹ̀_Ọ̀nà_Ògìdì

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ ohun tẹ́ ẹ sọ, àmọ́ ẹ má bẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa ò lè fi jígí ojú ṣe ọbẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ ń pín in ni kò bá a mu. Nígbà Kérésìmesì, iṣu wà nínú àká, ọmọ ti Èkó dé, ṣọ́ọ̀ṣì ń pín, olóṣèlú ń pín. Oṣù kẹfà sí ìkeje ni kẹ́ ẹ wò. Iṣu àtijọ́ ti tán, èyí tó kù la ti gbìn, tuntun ò tíì jáde. Ìgbà yẹn ni opó máa ń fi gààrí sùn. Kò sẹ́ni tó ń wá a kàn lóṣù yẹn. Bẹ́ ẹ bá máa fún ẹnì kan lóúnjẹ, ẹ fún un nígbà yẹn, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé fún un tílẹ̀ bá ti ṣú.

ÌyáTélọ̀_Ayétòrò

Àgbẹ̀, Ọlọ́run á bù kún oko yín. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ.

Akọ̀wé_Kábà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo tẹ ọ̀rọ̀ yín sórí ìwé, mo kà á nínú ìpàdé àná láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ìrẹsì Ìyá Télọ̀, ẹni tó ń léwájú nínú ọ̀rọ̀ ìrẹsì dákẹ́, ó ní ìyá òun náà ti tò sórí ìlà yẹn rí.

Ibi tí a fẹnu kò sí nìyí. Omi la dì mú, ọdún mẹ́ta la ó fi ṣe é ká tó wo nǹkan mìíràn. A ò ní gbẹ́ tuntun rárá lọ́dún yìí. Awakọ̀ wa méjèèjì á gbé wa káàkiri abúlé mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọwọ́ òfìfo la máa gbé lọ, ìbéèrè nìkan la máa bi wọ́n: pọ́ǹpù wo ló kú, ìgbà wo ló kú, ta ló ń pọn omi. Nọ́ọ̀sì wa fara mọ́ ọn pé kí ọ̀rọ̀ ojú ṣì dúró ná, àmọ́ àwa 19 ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò láàárọ̀ yìí, ìwé orúkọ náà ti dé ilé ìwòsàn. Káfíńtà béèrè ọ̀nà iléèwé Tíṣà, ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé kẹta oṣù. Oúnjẹ di oṣù kẹfà, ilé mẹ́wàá péré, a ò sì ní gbé kámẹ́rà lọ.

Ìbéèrè kan ló kù. Oní Pọ́ǹpù, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ṣé a lè yá a lọ́dọ̀ ẹnì kan? Iye tí wọ́n pè é fún wa lọ́jà pọ̀ ju agbára wa lọ.

Oní_Pọ́ǹpù_Ìyàrá

Ẹ má rà á. Tèmi wà lẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ kan ló tẹ̀ díẹ̀, mo máa na án kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ rán ọkọ̀ wá gbé e, ó wúwo, kẹ́ ẹ mú okùn tó nípọn dání. Èmi náà máa wá síbi àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá tú, ẹ má fún mi lówó iṣẹ́. Ẹ kàn rí i pé àwọn obìnrin tó máa kọ́ ọ ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, torí aago méje àárọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀.